Àkùkọ Mẹ́rin fún Hílídà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní Ọjọ́rú kan tí ẹ̀ẹ̀rùn ti ń parí lọ, ní agogo mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀, ọkọ̀ funfun kan wọ ọgbà ilé ìwé wa ní Ọjà-Ọ̀dàn. Ọjọ́ náà dá mi lójú, nítorí Ọjọ́rú nìkan ni wọ́n máa ń mú wa ṣe iṣẹ́ ọwọ́, ìgbálẹ̀ tí mò ń dì sì wà lórí itan mi. Wákàtí náà dá mi lójú, nítorí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lu rìímù ọkọ̀ tí a so rọ̀ sára igi máńgòrò, èyí tí í ṣe agogo ìsinmi wa. Àwọ̀ ọkọ̀ náà nìkan ni mo lè ṣiyèméjì sí díẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà láàrin Ìlaró àti Ayétòrò mọ eruku wa. Kò sí ohun tó kúrò ní Ìlaró ní funfun tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ní funfun.

Ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí a lọ̀ dáadáa sọ̀ kalẹ̀. Délé ni orúkọ rẹ̀, Bùrọ̀dá Délé la sì ń pè é títí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fi parí. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ aláàánú kan tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà lókè òkun. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti wá ọmọ tí ìyà ń jẹ, kí ó ya fọ́tò rẹ̀, kí ó fi ránṣẹ́ sí òyìnbó kan tí yóò máa gbọ́ bùkátà ẹ̀kọ́ ọmọ náà títí yóò fi jáde girama. Ọmọ méjìlá ni wọ́n ń wá ní ilé ìwé wa. Wọ́n ní kí ẹni tí bàbá rẹ̀ kò sí nílé nawọ́ sókè. Mo nawọ́. Ọwọ́ tó wà lókè pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Àwọn kan tí mo kí bàbá wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an nawọ́ pẹ̀lú.

Bàbá tèmi kò sí nílé lóòótọ́. Ó ti gba Kútọnu lọ ṣiṣẹ́ bíríkìlà kí n tó mọ ojú rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́ fún mi, nítorí náà n ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Obìnrin mẹ́ta ló wà nílé wa: èmi, màmá mi tó ń ta ata àti àlùbọ́sà lọ́jà, àti Ìyá Àgbà, ìyá tó bí màmá mi, ẹni tó ni ilé, tó ni oko ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìn ilé, tó sì ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí ohun gbogbo.

Láfún ni Ìyá Àgbà ń ṣe. Ẹni tí kò bá gbé ilé oníláfún rí lè rò pé ìyẹ̀fun funfun yẹn kàn wà bẹ́ẹ̀ ni. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó rẹ ẹ́ sínú àgbá fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin títí yóò fi rọ̀, a ó fọ́ ọ, a ó fún omi ara rẹ̀, a ó sì sá a sórí tapólì lẹ́bàá ọ̀nà. Òórùn ẹ̀gẹ́ rírẹ yẹn a máa wọ inú irun. Ní ilé ìwé, wọ́n ní àwọn máa ń mọ̀ pé mò ń bọ̀ kí n tó yọ lọ́nà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó ti tapólì, kí n máa lé ewúrẹ́ àti adìyẹ. Iṣẹ́ ìjókòó ni, ṣùgbọ́n ọmọ wo ló lè jókòó? Èmi àti Ṣìdí, ọmọ ilé kejì, a ó ya ojú sùwẹ̀ sílẹ̀, a ó máa fi ẹsẹ̀ kan tọ. Ewúrẹ́ mọ ìgbà tí ojú wa bá kúrò. Bí Ìyá Àgbà bá dé, tó rí ibi tí ewúrẹ́ ti fẹnu kan láfún, kò ní pariwo. Yóò ní kí n kúnlẹ̀, kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè, kí n kọjú sí tapólì. Ó ní ojú tó sá fún iṣẹ́ ni kí ó padà wá wo iṣẹ́.

Ìyá Ṣìdí àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń gbé ilé kejì. Mùsùlùmí ni wọ́n, àwa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n abọ́ oúnjẹ kò mọ ìyẹn. Nínú oṣù ààwẹ̀, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣínu, àkàrà àti ògì gbígbóná a máa kọjá ọgbà wá sọ́dọ̀ wa. Òfin kan sì wà nílé wa tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀: abọ́ kì í padà lófìfo. Bí kò bá sí nǹkan kan, iyọ̀ ṣáà wà. Nígbà kan, mo fọ abọ́ Ìyá Ṣìdí, mo sì dá a padà bẹ́ẹ̀, ní mímọ́ tónítóní. Mo rò pé wọn yóò yìn mí fún bí mo ṣe fọ̀ ọ́. Ìyá Àgbà ní kí n padà lọ, kí n kúnlẹ̀, kí n tọrọ abọ́ náà lọ́wọ́ Ìyá Ṣìdí, kí a lè dá a padà bó ṣe yẹ. Mo lọ. Ìyá Ṣìdí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó gbé abọ́ fún mi, mo gbé e délé, wọ́n bu láfún sí i, mo tún gbé e padà. Ìyá Àgbà ní ẹni tó bá ń gbà tí kò ń fúnni, kò ní pẹ́ di ẹni tí a ń rán níṣẹ́. Èmi tí wọ́n ti rán lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí abọ́ kan, mo gbà á gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Bùrọ̀dá Délé wá ya fọ́tò mi nílé. Màmá mi ti gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ó fi kànìnkànìn bó mi bí ẹni bó iṣu, ó fi òróró ra mí lára, ó wọ aṣọ ọdún fún mi, ó sì mú mi dúró síwájú fèrèsé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Bùrọ̀dá Délé wò mí títí, ó wá fi ọ̀wọ̀ béèrè bóyá mo ní aṣọ mìíràn. Màmá mi mú aṣọ ọdún èṣí jáde. Ó ní rárá, èyí tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni òun ń wí. Èyí tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ti gbó, Ìyá Àgbà sì ti fi í bo ẹnu àgbá láfún. Wọ́n lọ ṣí i. Nínú fọ́tò náà, tí ẹ̀dà rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo wọ ìdérí àgbá, mo sì dúró ti ògiri ẹ̀yìn ilé, níbi tí ọ̀dà kò dé. Mo fajú ro. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìyà ni. Ohun tí èmi rántí ni òórùn aṣọ náà. Ṣìdí tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà tó ń wò mí kò pè mí lórúkọ mọ́ fún odidi táàmù kan. Ìdérí Àgbá ló ń pè mí.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n ní mo ti ní òyìnbó. Hílídà ni orúkọ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, àwa ọmọ méjìlá a máa jókòó kọ lẹ́tà sí àwọn òyìnbó wa. Bùrọ̀dá Délé a kọ ọ́ sójú pátákó, àwa a dà á kọ. Gbogbo wa la fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, gbogbo wa la fẹ́ di nọ́ọ̀sì tàbí dókítà, gbogbo wa la sì ń gbàdúrà fún òyìnbó wa kí a tó sùn. N kò lè jẹ́rìí àwọn yòókù, ṣùgbọ́n èmi a máa sùn lọ kí àdúrà tó kan Hílídà. Nígbà kan mo fi kún tèmi pé a jẹ ẹran ìgbẹ́ nígbà Kérésì. Bùrọ̀dá Délé fún mi ní ìwé mìíràn, ó ní kí n tún un kọ, kí n fo ẹran. Kò bínú rárá. Ó ní kì í ṣe pé irọ́ ni, pé kò kàn wúlò ni.

Wọ́n mọ iye yàrá wa. Wọ́n mọ ibi tí a ti ń pọn omi àti ibi tí a ti ń ṣe ìgbẹ́, wọ́n mọ ohun tí a jẹ lánàá àti iye ìgbà tí a jẹ ẹ́. Ìyá Àgbà ló tẹ̀ka sí gbogbo rẹ̀, nítorí orúkọ rẹ̀ ló wà lórí fọ́ọ̀mù gẹ́gẹ́ bí olórí ilé. Ohun tí àwa mọ̀ nípa Hílídà kò ju mẹ́ta lọ: orúkọ rẹ̀, ajá rẹ̀, àti pé òtútù ń mú ajá náà, nítorí ó wọ súwẹ́tà nínú fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ìyá Àgbà a máa béèrè bóyá Hílídà bímọ, bóyá ìyá rẹ̀ wà láyé, àti ẹni tó ń bá a pọnmi. Bùrọ̀dá Délé a ní a kì í béèrè ìyẹn. Ìyá Àgbà a tún ní báwo ni èèyàn ṣe ń gba oore lọ́wọ́ ẹni tí a kò gbọdọ̀ béèrè àlàáfíà rẹ̀. Kò sí àyè fún ìbéèrè yẹn nínú fọ́ọ̀mù.

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún, Hílídà fi ẹ̀bùn ránṣẹ́. Pẹ́ńsùlù aláwọ̀ wà níbẹ̀, àti fìlà onírun kan tí mo dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú oòrùn ọ̀sán, tí mo fi mọ ohun tí ajá náà ń fojú rí, àti bisikíìtì nínú agolo ńlá aláwọ̀ búlúù kan tó ní ìdérí. Bisikíìtì kò rí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, nítorí Ìyá Àgbà pín in ká àdúgbò. Agolo ló kù. Ìyá Àgbà fọ̀ ọ́, ó sá a sóòrùn, ó gbé e sórí pẹpẹ, ó ní abọ́ Hílídà ni. Màmá mi ṣàlàyé fún un pé òyìnbó kì í gba agolo padà. Ìyá Àgbà béèrè òyìnbó tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un, màmá mi kò sì rí ọ̀kan dárúkọ.

Ó da láfún tuntun sínú agolo náà, èyí tó kúnná jù, ó fi ata gbígbẹ àti ẹ̀gúsí díẹ̀ sínú ọ̀rá lé e lórí, ó sì gbé e fún Bùrọ̀dá Délé pé kí ó bá òun fi jíṣẹ́. Bùrọ̀dá Délé kò gbà á. Ó ní òfin ẹgbẹ́ àwọn kò gbà kí ẹni tí à ń ràn lọ́wọ́ fúnni ní nǹkan, kí òṣìṣẹ́ má baà wá máa fi ọgbọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu aláìní. Bí mo bá wò ó lónìí, òfin náà ní ìdí tirẹ̀. Ìyá Àgbà náà ní ìdí tirẹ̀.

Ó ní, "Délé, ṣé ọmọ lẹ wá bá wa tọ́ ni, àbí ìwọ̀fà lẹ wá mú?"

Bùrọ̀dá Délé gbé e lé e lọ́wọ́ padà. Agolo padà sórí pẹpẹ. Ní oṣooṣù, Ìyá Àgbà a máa da láfún inú rẹ̀ sílẹ̀, a sì da tuntun sí i, kí kòkòrò má baà bá abọ́ ẹni ẹlẹ́ni.

Ọdún tí mo wà ní kíláàsì kẹfà ni wọ́n sọ pé Hílídà ń bọ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n kun ilé ìwé wa. Bùrọ̀dá Délé wá sí ojúlé kọ̀ọ̀kan wá kìlọ̀ ohun mẹ́ta: ẹ má tọrọ nǹkan, ẹ má sunkún, ẹ má fún wọn ní nǹkan. Ìyá Àgbà gbọ́ méjì àkọ́kọ́. Ó ní àlejò tó wọ ọkọ̀ òfuurufú nítorí ọmọ òun kò lè ti ilé òun jáde lọ́wọ́ òfìfo, ojú ò ní gba òun tì. Adìyẹ kan ṣoṣo la ní nígbà náà, ó sì ń sàba. Ìyá Àgbà kò lọ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní àdúgbò wa, kò di ìgbà tí èèyàn bá sọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Ìyá Ṣìdí kọjá ọgbà pẹ̀lú àkùkọ pupa kan lábẹ́ apá. Ọlọ́kadà tó ń gbé ọ̀kánkán mú ọ̀kan wá. Kí a tó jẹun tán, àkùkọ ti di mẹ́rin lábẹ́ igi òroǹbó, láti ilé mẹ́rin, kò sì sí ẹni tó sọ pé òun yá wa. Ìyá Ṣìdí ní àlejò tó dé ilé Ìyá Àgbà, ọ̀dọ̀ àwọn náà ló dé.

Hílídà dé ní ọ̀sán. Mo ti rò pé ẹni tó lè sanwó ilé ìwé ọmọ tí kò bí yóò jẹ́ ọ̀dọ́ tó lágbára. Àgbà ni. Orúnkún rẹ̀ kan ń dùn ún, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata, òógùn sì ti mú aṣọ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Bùrọ̀dá Délé bá a wá, pẹ̀lú màdáàmù kan láti ọ́fíìsì wọn l'Ékòó, tó gbé ìwé àti bírò lọ́wọ́. Ìyá Àgbà kí i ní "bọ̀njúù, màdáàmù". Ará ẹnubodè ni wá. Èdè òyìnbó tí Ìyá Àgbà mọ̀, láti ọ̀nà Kútọnu ló ti wá. Hílídà kì í ṣe ọmọ Faransé, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn, ó dá a lóhùn pẹ̀lú bọ̀njúù, àwọn méjèèjì sì rò pé ẹnì kejì gbọ́ èdè náà dáadáa.

Nígbà tí Hílídà mu omi tán, Ìyá Àgbà gbé agolo jáde. Hílídà mọ̀ ọ́n. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ṣí i, ó fi ìka tọ́ láfún tútù wò láìrò, ìyẹ̀fun sì lẹ̀ mọ́ ètè rẹ̀, a kò sì mọ bí a ó ṣe sọ fún un. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Àgbà ní kí Délé bá òun béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn Bùrọ̀dá Délé béèrè. Hílídà ní ìyá òun kú lọ́dún náà, pé òun nìkan ló tọ́jú rẹ̀ títí dópin, pé òun kò ní ẹlòmíràn. Ìyá Àgbà fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi ń lọ. Bí ẹnì kan bá ya fọ́tò ìdajì wákàtí yẹn, n kò rò pé yóò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni kí òun kọ sábẹ́ rẹ̀ pé à ń ràn lọ́wọ́.

Kò sí ẹni tó ya fọ́tò. Màdáàmù Èkó ló ń kọ̀wé. Nígbà tí wọ́n gbé àkùkọ mẹ́rin jáde, ó fi Yorùbá tó já gaara béèrè bóyá tiwa ni wọ́n.

"Tiwa ni," ni Ìyá Àgbà wí.

Kí ni ì bá tún sọ? Ẹni tó ń fúnni lẹ́bùn kì í ka ilé tí ẹ̀bùn ti wá. Màdáàmù béèrè bóyá adìyẹ mìíràn ṣì wà. Ìyá Àgbà ní Ọlọ́run ṣé é, wọ́n wà. Ó béèrè ẹ̀gẹ́. Ìyá Àgbà ní ó kún oko. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé níbi tí a gbé dàgbà, a kì í sọ fún àlejò pé kò sí. Gbogbo ìdáhùn ni màdáàmù ń kọ sílẹ̀, mo sì ń wo bírò rẹ̀ bó ti ń lọ. Nígbà tí wọ́n ń lọ, agolo àti àkùkọ mẹ́rin bá ọkọ̀ wọn lọ.

Ọ̀sẹ̀ tí èsì ìdánwò girama jáde, tí wọ́n ní mo ti wọlé sí ilé ìwé kan ní Ìlaró, ni lẹ́tà ẹgbẹ́ náà dé. Èmi ni mo kà á fún wọn. Ó ní a bá yín yọ̀, ìdílé yín ti kúrò ní ipò àìní, ọmọ mìíràn tí ìyà ń jẹ yóò gba ipò ọmọ yín. Wọ́n fi ìwé ẹ̀rí kan tó ní òdòdó ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i. Màmá mi ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Kò yàtọ̀.

Bùrọ̀dá Délé wá ní ọjọ́ kejì, kò gbé ọkọ̀ funfun, ọ̀kadà ló gùn. Ó ní ọ̀nà kan wà. Bí olórí ilé bá lè tẹ̀ka sí ìwé kan pé àkùkọ wọ̀nyẹn kì í ṣe tiwa, pé a kò ní nǹkan kan, òun yóò mú un lọ kí ọ́fíìsì tó ti àkọsílẹ̀ ọdún náà ní Ọjọ́ Ẹtì. Èmi ni kí n kọ ọ́, kí wọ́n má baà mọ ọwọ́ òun. Ìyá Àgbà ní òun kò ṣe. Ó ní ohun tí a bá fún èèyàn ti di tirẹ̀, bí òun bá wá sọ pé kì í ṣe tiwa, a ti sọ ilé mẹ́rin di ẹni tí kò fún wa ní nǹkan kan. Bùrọ̀dá Délé rọ̀ ọ́ títí, ó gbé ọ̀kadà rẹ̀ lọ.

Màmá mi kò bẹ ìyá rẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó lọ sọ́jà, ó ra àwo kékeré kan, irú èyí tí àwọn ọmọ fi ń kiri ata, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Àwo náà wà níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ìgbàkigbà tí Ìyá Àgbà bá ń jáde, yóò yẹsẹ̀ fún un. Èmi náà ń yẹsẹ̀ fún un. Mo ti gbé e lé orí wò nígbà tí kò sí ẹni nílé, ó sì bá orí mi mu.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Àgbà ní kí wọ́n pe Délé. Mo kọ ìwé náà lórí àpótí. Ó jẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ sí ẹgbẹ́ náà tí n kò dà kọ láti ojú pátákó, òun náà sì ni irọ́ rẹ̀ kéré jù tàbí pọ̀ jù. N kò tíì lè pinnu èyí tó jẹ́. Ìyá Àgbà ní kí n kà á sétí òun. Nígbà tí mo dé ibi tí ó ti wí pé a kò ní nǹkan kan, ó ní kí n pa ìyẹn rẹ́.

"Màmá," ni Bùrọ̀dá Délé wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, "ìyẹn gan-an ni wọ́n ń wá."

Ìyá Àgbà wo àwo tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó na àtàǹpàkò, ó tẹ̀ ẹ́ sínú íńkì, ó sì tẹ̀ ẹ́ síwèé. Bùrọ̀dá Délé fún un ní ìnuwọ́, kò gbà á, ara ìró rẹ̀ ló nù ún sí. Láti ibẹ̀ ló kọjá sí ilé kejì lọ jẹ́wọ́ fún Ìyá Ṣìdí. Mo tẹ̀ lé e, nítorí náà mo gbọ́ èyí fúnra mi. Ìyá Ṣìdí ń yan ẹja lọ́wọ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó ṣẹ́ igi sínú iná.

Ó ní, "Màmá wa, ṣé nítorí èyí lẹ ṣe ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀? Ẹ jẹ́ kí ọ́fíìsì máa ka adìyẹ. Àwa mọ ilé tí a gbé tiwa lọ. Ẹ jókòó, ẹ jẹ ẹja."

Ìyá Àgbà jókòó, ṣùgbọ́n kò jẹ ẹja náà. Kò sì lè kọ̀ ọ́, ó kàn dì í mú lọ́wọ́.

Wọ́n dá mi padà sínú àkọsílẹ̀. Mo lọ sí girama ní Ìlaró, mo sì jáde. Lẹ́tà Hílídà tó tẹ̀ lé e kúrú. Ó ní wọ́n ti ṣàlàyé fún òun, kí a dárí ji òun pé òun gba oúnjẹ lẹ́nu wa, pé òun kò mọ̀ ni. Nígbà tí mo kà á, Ìyá Àgbà ní kí n ká a padà sínú àpòòwé. Láti ọjọ́ náà kò béèrè nípa Hílídà mọ́, nígbà tó sì yá, Hílídà náà kò kọ nǹkan kan ju ìkíni ọdún lọ. Ní ti àkùkọ mẹ́rin yẹn, wọ́n ní dírébà àti àwọn ará ọ́fíìsì ló jẹ wọ́n. N kò sí níbẹ̀. Èyí tí mo rí ni pé ní ọdún kejì mi ní girama, mo lọ gba ìwé ní ọ́fíìsì wọn, agolo búlúù wà lórí tábìlì Bùrọ̀dá Délé, bírò ló kún inú rẹ̀. Ó rí i pé mo rí i.

Mo ti gboyè jáde ní yunifásítì báyìí, Ìyá Àgbà sì ti sùn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Nǹkan ti yàtọ̀ sí ti ìgbà náà, n kò sì ní sọ pé gbogbo rẹ̀ ló burú. Àwọn tó ń wá báyìí kì í ní kí ọmọ wọ àkísà mọ́. Wọ́n á ní kí ó rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n ní ẹ̀rín ló bu ọlá fún èèyàn. Wọn kì í gbé ìwé àti bírò, fóònù pẹlẹbẹ ńlá ni wọ́n ń tẹ̀. Wọ́n á tẹ irú òrùlé, wọ́n á tẹ iye ẹran ọ̀sìn, fóònù náà fúnra rẹ̀ ni yóò sì sọ ẹni tí ìyà rẹ̀ tó. Àwọn ará àdúgbò wa náà ti gbọ́n sí i. Nígbà èwe wa, bí àlejò olóore bá ń bọ̀, ilé mẹ́rin a kó adìyẹ jọ sójú kan kí ó lè rí wọn. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ìyẹn. Ohun tí wọ́n mọ̀, tí wọ́n sì mọ̀ dáadáa, ni ibi tí a ń kó ẹran sí bí wọ́n bá gbúròó ọkọ̀.

Oṣù tó kọjá mo wà nílé nígbà tí wọ́n ní àwọn kan ń bọ̀ wá kọ orúkọ àwọn tí ìjì ká òrùlé wọn. Òrùlé Ṣìdí wà lára wọn. Mo rí ihò rẹ̀ fúnra mi, ọ̀run hàn nínú rẹ̀. Opó ni Ṣìdí báyìí, ọmọ mẹ́ta sì ni ó ní. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó da ewúrẹ́ rẹ̀ gba àlàfo ọgbà wá sẹ́yìn ilé wa, ó ní, "Ìdérí Àgbá, bá mi dì wọ́n mú." Mo so méjì mọ́lẹ̀, mo di okùn ẹ̀kẹta mú. Láti ibi tí mo jókòó sí, mo gbọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin onífóònù béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ní ẹran ọ̀sìn, mo sì gbọ́ tó ní òun kò ní. Ewúrẹ́ ọwọ́ mi fẹ́ ké. Mo fi èèpo ẹ̀gẹ́ sí i lẹ́nu. Bóyá orúkọ Ṣìdí wọlé, a kò tíì gbọ́. Ewúrẹ́ mẹ́ta ni, mo kà wọ́n, ìkẹta sì jẹ èèpo náà tán, kò ké.